Ibo ni ó yẹ kí oníròyìn dúró sí lẹ́nu ọ̀nà ilé gbajúmọ̀?

Ayàwòrán Ìgbógbò béèrè:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ fọ́tò ni mo ń ṣe ní Ìkòròdú láti ọdún 2012. Ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, òkú àgbà àti ayẹyẹ ọjọ́ ìbí ni mo sì fi ń bọ́ àwọn ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ lóṣù tó kọjá tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti ìgbà náà, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí gbogbo àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló ń sọ pé mo fi ọwọ́ ara mi da oúnjẹ mi nù.

Òṣèré kan tí ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, bímọ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tó ti ń retí, ó sì ṣe ìsọmọlórúkọ náà ní ilé ìyá rẹ̀ ní Ìgbógbò dípò ilé tirẹ̀, kí ariwo má baà pọ̀. Àwọn tí wọ́n pè kò tó ogójì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ kan, olúkúlùkù sì ń fi fóònù rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ náà kó tó wọlé. Èmi àti ọmọṣẹ́ mi nìkan ni wọ́n gbà láyè láti mú kámẹ́rà wọlé. Nígbà tí mo ya ọmọ náà tán, ìyá àgbà fà mí lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò omi tó wà nídìí ògiri, ó sì rọra sọ fún mi pé, "Ọmọ mi, má jẹ́ kí ayé rí ojú ọmọ yìí kí ọrùn rẹ̀ tó le." Mo ní kí màmá má ṣèyọnu.

N kò tíì délé lálẹ́ ọjọ́ náà tí ẹnì kan fi pè mí. Ó ní ilé iṣẹ́ ìròyìn orí ayélujára kan ni òun ti ń pè, ó sì fi 300,000 náírà lọ̀ mí fún àwòrán kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ojú ọmọ náà gbọ́dọ̀ hàn, ọkùnrin tó gbé e dání nígbà àdúrà náà sì gbọ́dọ̀ hàn, kí àwọn òǹkàwé lè mọ ẹni tí bàbá rẹ̀ ń ṣe. Owó náà ju ìlọ́po méjì iye tí wọ́n san fún mi lórí gbogbo iṣẹ́ náà lọ. Mo kọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, àwòrán mìíràn jáde, èyí tí ẹnì kan yà láti ojú fèrèsé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà lẹ́yìn ilé wọn. Ìyá àgbà náà ló jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé, tó ró aṣọ mọ́ àyà, tó na ẹsẹ̀ méjèèjì, tó ń wẹ ọmọ náà lórí itan rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí orí rẹ̀ pé àṣírí ti tú. Mo gbọ́ pé títí di òní, màmá kò jókòó sí ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀ mọ́.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ojú ayé ni obìnrin náà fi ń jẹun, nítorí náà kò lè ní kí ayé gbójú kúrò lára òun. Ìbéèrè mi nìyí: ṣé lóòótọ́ ni òkìkí máa ń gba gbogbo ohun tí ènìyàn ní pátá, títí kan ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ̀? Ibo ni ẹ̀tọ́ oníròyìn pin sí, kí sì ni òfin ilẹ̀ wa wí?

Ọmọ Ìta-Ẹlẹ́wà dáhùn:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìfaradà. Lórí àwòrán ìyá àgbà, n kò ní ohun tí mo lè sọ ju pé ó burú lọ. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ apá kejì ọ̀rọ̀ náà. Àwọn gbajúmọ̀ wa fúnra wọn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n bá ra mọ́tò tuntun, tí wọ́n bá kọ́lé, tí wọ́n bá ń ṣe ìdána, àwọn ni wọ́n ń fi fídíò ránṣẹ́ sí àwọn oníblọ́ọ̀gù, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń sanwó kí wọ́n lè gbé e jáde fún wọn. Nígbà tí ìjà bá wá wọ inú ilé kan náà, wọn a ní ọ̀rọ̀ ìdílé ni, kí ẹnikẹ́ni má dá sí i. Ẹni tó ti fi ìgbéyàwó rẹ̀ polówó ara rẹ̀ fún ọdún márùn-ún kò yẹ kó bínú bí àwọn tó polówó fún bá béèrè pé kí ló dé tí ìgbéyàwó náà fi tú.

Ohun kejì ló jẹ mí lógún jù, torí ó kan ìlú wa yìí. Ẹ rántí pé olórin Ilerioluwa Oladimeji Aloba, tí gbogbo wa mọ̀ sí MohBad, kú ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ní ọmọ ọdún 27, wọ́n sì sin ín sí Ìkòròdú níhìn-ín ní ọjọ́ kejì gan-an. Ká ní gbogbo oníròyìn ti gbà pé ọ̀rọ̀ ìdílé ni ikú, tí àwa náà sì panu mọ́, ilẹ̀ ìbá ti bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú òkú. Lẹ́yìn tí àwọn ọ̀dọ́ ti pariwo lórí ayélujára àti ní ojú pópó ni ọlọ́pàá wá hú òkú náà ní ọjọ́ 21 oṣù kan náà fún àyẹ̀wò, tí ìwádìí ilé ẹjọ́ sì bẹ̀rẹ̀ lórí ohun tó pa á. Mo wà lára àwọn tó gbé àbẹ́là lọ́wọ́ nítorí ọmọkùnrin náà, ọkàn mi kò sì tíì fi í sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ̀rù fi ń bà mí pé bí a bá fa ìlà tó le jù fún àwọn oníròyìn, ẹni tó ní ohun tó ń fi pamọ́ ni yóò kọ́kọ́ sá sẹ́yìn ìlà náà.

Akọ̀ròyìn Àtijọ́, Ẹ̀pẹ́ dáhùn:

Ọmọ mi ayàwòrán, o ṣeun tí o kọ̀. Ìwọ ọmọ Ìta-Ẹlẹ́wà náà, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ, n ó sì dé orí rẹ̀. Ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ ìròyìn ní Èkó kí n tó fẹ̀yìn tì wá sí Ẹ̀pẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti wúwo lọ́kàn mi láti ọjọ́ pípẹ́, ọmọ Ìkòròdú yín ló sì kàn.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2011, àjọ NDLEA tó ń gbógun ti oògùn olóró dá aláwàdà Babatunde Omidina, tí gbogbo ilé Yorùbá mọ̀ sí Baba Suwe, dúró ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed nígbà tó ń lọ sí Paris. Wọ́n ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò fi hàn pé ohun kan wà níkùn rẹ̀, wọ́n fura pé oògùn olóró ló gbé mì, wọ́n sì tì í mọ́lé fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ń dúró kó yà á. Iṣẹ́ àjọ náà ni láti fura, ọ̀rọ̀ tó kan ìlú sì ni pé wọ́n mú gbajúmọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí oníròyìn tó lè ṣàì kọ ìyẹn. Ohun tí àwa fi kún un ló burú. Láràárọ̀ ni olóòtú wa máa ń béèrè pé, "Ó ti di ẹ̀ẹ̀melòó?" Iye ìgbà tí àgbàlagbà ọkùnrin kan, bàbá ọmọ, lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni à ń kà bí ẹni ń ka góòlù, a sì ń kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà sí ojú ewé kìíní, àwọn ènìyàn ń rà á lójú títì, wọ́n ń kà á síra wọn létí nínú dáńfó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ méjì nínú àwọn ìròyìn wọ̀nyẹn. Wọn kò rí oògùn kankan lára rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Èkó pàṣẹ pé kí NDLEA san mílíọ̀nù 25 náírà fún un, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn padà wá da ìdájọ́ náà nù. Kò sí adájọ́ tó bi àwa oníròyìn léèrè ohunkóhun ní tiwa.

Nígbà tí àìsàn wá bá a fínra ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, fídíò ibi tó ti jókòó, tó ti rù, tún di ohun tí a ń fi ránṣẹ́ láti orí fóònù kan sí òmíràn. Òótọ́ ni pé àwọn kan nínú wọn wà láti fi tọrọ ìrànlọ́wọ́ fún un, inú rere ló sì mú ọ̀pọ̀ ènìyàn pín in. Ṣùgbọ́n mo rí èyí tí kò ní nọ́ńbà àpò owó, tí kò ní ẹ̀bẹ̀ kankan nínú, tí kì í ṣe ohun mìíràn ju kí ènìyàn wò bí Baba Suwe ṣe dà. Ó kú ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, Ìkòròdú ni wọ́n sì sin ín sí. Mo wá ní ọ̀sẹ̀ náà. Ẹ̀yìn èrò ni mo dúró sí, n kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe pé a kò mọ òfin iṣẹ́ wa. Ìlànà ìwà àwọn oníròyìn Nàìjíríà tí a fọwọ́ sí ní ọdún 1998 sọ ọ́ kedere pé kí oníròyìn bọ̀wọ̀ fún ìgbé ayé ìkọ̀kọ̀ ènìyàn àti ti ìdílé rẹ̀, àyàfi bí ọ̀rọ̀ náà bá kan ire aráàlú. Ó sì sọ ohun tó ń jẹ́ ire aráàlú: kí a tú àṣírí ìwà ọ̀daràn, kí a dáàbò bo ìlera àti ẹ̀mí àwọn ènìyàn, kí a má sì jẹ́ kí ẹnì kan fi ọ̀rọ̀ tàbí ìṣe rẹ̀ tan ìlú jẹ. Ọmọ Ìta-Ẹlẹ́wà, abẹ́ èyí ni ohun tí o sọ nípa MohBad bọ́ sí. Ikú òjijì ọ̀dọ́mọkùnrin tí gbogbo ìlú ń béèrè ìdí rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlú, ẹni tó bá sì ní kí oníròyìn fi í sílẹ̀ kò fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n rántí ohun tó tẹ̀ lé e. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ti fi ìbéèrè ohun tó pa á sílẹ̀, a wá ń béèrè ẹni tó ni ọmọ jòjòló tó fi sílẹ̀ sáyé. Àwọn tí kò mọ ojú ẹnikẹ́ni nínú ìdílé náà rí ń fi imú ọmọ wé imú bàbá lórí fóònù, wọ́n ń dájọ́. Ikú yẹn la ní ẹ̀tọ́ láti béèrè nípa rẹ̀. Ta ló fún wa ní ẹ̀tọ́ lórí imú ọmọ náà?

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nísinsìnyí sì le ju tìgbà tiwa lọ. Ìwé ìròyìn tiwa ní ọ́fíìsì tí ẹni tí a bà lórúkọ jẹ́ lè wá fìbínú dúró sí lẹ́nu ọ̀nà. Lónìí, iye ènìyàn tó tẹ ìròyìn náà wò ni àwọn olùpolówó ọjà ń kà kí wọ́n tó sanwó, nítorí náà àkọlé ló di ọjà gan-an, bóyá ìròyìn kankan wà lábẹ́ rẹ̀ tàbí kò sí. Ní ti nọ́ńbà rẹ tí wọ́n rí gbà, ọmọ mi, má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu. Olóúnjẹ, ẹ̀ṣọ́ géètì, awakọ̀, nọ́ọ̀sì, ẹni tó gbé àga àti àtíbàbà wá, ọ̀kan nínú irú àwọn wọ̀nyí ni à ń bá sọ̀rọ̀ nígbà tiwa, owó kékeré la sì fi ń bá wọn sọ ọ́. Ẹni tó pè ọ́ ti ní ẹnì kan nínú agbo náà kí ìwọ tó débẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Èbúté dáhùn:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àròjinlẹ̀. Bàbá Ẹ̀pẹ́, ẹ ṣeun tí ẹ sọ òótọ́ ara yín. Èmi kò ṣe oníròyìn rí, ẹja ni mo ń tà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹja tí kò bá ti rí oníbàárà lónìí, a kì í gbé irú rẹ̀ wá lọ́la. Àwòrán ìyá àgbà náà dé orí WhatsApp ẹgbẹ́ wa. Mo ṣí i, mo sì fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Ìjẹ̀dẹ́ kí n tó rí ohun tí ẹ kọ síbí, ó sì ń dùn mí gidigidi.

Nígbà tí mo padà lọ wò ó, n kò rí òṣèré kankan níbẹ̀. Itan ìyá àgbà ni mo rí, bó ṣe fi ọwọ́ òsì gbá ẹ̀yìn orí ọmọ mú, tó fi ọwọ́ ọ̀tún da omi sí i láyà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìyá mi ṣe wẹ àwọn ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Níbi tí a ti ń wẹ ọmọ tuntun, bí ọkùnrin ilé pàápàá bá fẹ́ kọjá, yóò kọ́kọ́ wúkọ́ ni. Obìnrin yẹn ló lọ ṣe eré, òun ló gba òkìkí. Ìyá rẹ̀ kò bá a gbà á, ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ kò sì bá a gbà á. Aṣọ kò bo Ọmọ́yẹ mọ́, ó ti rìnhòòhò wọjà: a kò lè gba àwòrán náà padà lórí fóònù gbogbo ayé. Mo ti pa á rẹ́ lórí tèmi, mo sì ti pe àbúrò mi kó pa tirẹ̀ rẹ́. Ó béèrè ìdí rẹ̀, mo sì ka ọ̀rọ̀ ọmọ wa ayàwòrán yìí fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Lọ́ọ́yà Ogolonto dáhùn:

Mo kí gbogbo yín. Ẹ̀gbọ́n wa béèrè ohun tí òfin wí, n ó sì gbìyànjú láti sọ ọ́ láìlo èdè ilé ẹjọ́ púpọ̀. Abala 37 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 dáàbò bo ìkọ̀kọ̀ gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè yìí, ilé wọn, lẹ́tà wọn àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lórí tẹlifóònù. Kò yọ òṣèré tàbí olórin sílẹ̀. Abala 39 ló fún ènìyàn ní òmìnira láti sọ̀rọ̀ àti láti gbé ìròyìn jáde. Abala 45 wá gbà láyè kí òfin mìíràn fi ààlà sí àwọn ẹ̀tọ́ wọ̀nyí, bí ààlà náà bá bọ́gbọ́n mu, nítorí ààbò ìlú tàbí nítorí ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. Ní ti ọmọ, abala 8 nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sọ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìkọ̀kọ̀, sí ìgbé ayé ìdílé àti sí ilé rẹ̀, ìpínlẹ̀ Èkó sì ti ṣe òfin tirẹ̀ lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé ní ọdún 2007. Nítorí náà, bí òṣèré náà bá tilẹ̀ ti tú gbogbo àṣírí ara rẹ̀ síta, ẹ̀tọ́ ọmọ náà kì í ṣe tirẹ̀ láti tà.

Ẹjọ́ kan wà tí mo máa ń rántí tí a bá ń jiyàn irú èyí, torí pé ó dá ọmọ Ìta-Ẹlẹ́wà lóhùn ju bí mo ṣe lè dá a lóhùn lọ. Ní ọdún 2001, ìwé ìròyìn Daily Mirror ní ìlú London gbé e jáde pé Naomi Campbell, arẹwà tí ń fi aṣọ hàn, ń lọ sí ìpàdé àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú oògùn olóró. Wọ́n sọ bó ṣe ń lọ síbẹ̀, wọ́n sì fi fọ́tò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ sí i. Obìnrin náà ti sọ fún gbogbo ayé tẹ́lẹ̀ pé òun kì í lo oògùn olóró. Àwọn adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ nígbà náà dájọ́ ní ọdún 2004, mẹ́ta gbà pé obìnrin náà jàre, méjì kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹjọ́ náà fi yé wa ni pé ìwé ìròyìn lè sọ pé ó parọ́, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló gbé irọ́ náà wá sí gbangba, ìlú sì ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ pé irọ́ ni. Àmọ́ ìtọ́jú tó ń gbà, àti fọ́tò tí wọ́n lúgọ yà níbi tó ti ń wá ìwòsàn, ìyẹn kì í ṣe ti ìlú. Owó tí wọ́n san fún un kò ju 3,500 pọ́ùn lọ, ìwọ̀nba díẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà tí wọ́n fà ṣì wà níbẹ̀. Àbúrò mi, ẹni tó fi ìgbéyàwó rẹ̀ polówó ọjà ṣí ilẹ̀kùn pálọ̀. A lè bá a jiyàn ní pálọ̀ níbẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé ó ṣí yàrá, kò sì túmọ̀ sí pé ó ní kọ́kọ́rọ́ ilé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

Àwọn mìíràn rò pé gbajúmọ̀ nìkan ni irú àtojúbọ̀ yìí ń pa lára, pé àwọn ní owó àti lọ́ọ́yà. Ẹ wo News of the World, ìwé ìròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti wà láti ọdún 1843. Ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi ń ṣí àpótí ohùn orí fóònù, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn fi sílẹ̀ sórí fóònù ẹni, ti àwọn òṣèré, agbábọ́ọ̀lù àti àwọn ọmọ ọba láìgbàṣẹ. Ohun tó fọ́ ìwé ìròyìn náà tó fi kógbá sílé ní oṣù Keje ọdún 2011 ni pé ó hàn sí gbogbo ayé pé wọ́n ti ṣe é sí fóònù ọmọbìnrin ọmọ ọdún 13 kan tí wọ́n jí gbé tí wọ́n sì pa ní ọdún 2002, nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ ṣì ń wá a. Ọwọ́ tó ti mọ́ra níbi ilẹ̀kùn olówó kì í bi ara rẹ̀ léèrè ta ló ni ilẹ̀kùn tó kàn.

Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn òṣèré pọ̀ sí bí omi, wọ́n ṣe òfin kan ní ọdún 2013 lẹ́yìn tí òṣèrébìnrin méjì, Halle Berry àti Jennifer Garner, lọ sọ̀rọ̀ níwájú àwọn aṣòfin. Ẹni tó bá ń dààmú ọmọdé nítorí iṣẹ́ tí òbí rẹ̀ ń ṣe lè lọ sẹ́wọ̀n títí dé ọdún kan. Wọn kò fi òfin náà dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti kọ̀wé nípa òṣèré, ọmọ ni wọ́n fà yọ kúrò láàárín.

Ohun tí ìdílé náà lè ṣe báyìí wà. Wọ́n lè kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ ìròyìn náà kí wọ́n yọ àwòrán náà kúrò, wọ́n lè lo fọ́ọ̀mù tí Facebook àti Instagram ṣe fún òbí tí wọ́n gbé àwòrán ọmọ rẹ̀ síta láìgbàṣẹ, bí ìyẹn kò bá sì ṣiṣẹ́, wọ́n lè gba ilé ẹjọ́ gíga lọ lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ẹ̀yin náà, ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn yín láti òní lọ pé ẹ kò ní ta àwòrán kankan, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọṣẹ́ yín fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ ẹnu dára, àmọ́ ìwé ni a máa ń mú dání lọ sí kóòtù.

Ọmọ Ìta-Ẹlẹ́wà tún dáhùn:

Bàbá Ẹ̀pẹ́ àti lọ́ọ́yà wa, mo dúpẹ́. Mo gba ti ọmọ náà tọkàntọkàn, mo sì gbà pé ohun tí a ṣe lórí ọmọ MohBad kò dára. Èmi náà dá sí i nígbà náà, mo ti lọ yọ ohun tí mo kọ kúrò. Àmọ́ mo ṣì dúró lórí ohun kan. Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra kí ẹni tó di ipò ìlú mú má baà wọ aṣọ òṣèré sápamọ́. Olórin tó ń ṣàìsàn lè ní kí a fi òun sílẹ̀. Gómìnà tó ń ṣàìsàn kò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún wa, torí pé ara rẹ̀ ló ń gbé iṣẹ́ wa.

Akọ̀ròyìn Àtijọ́, Ẹ̀pẹ́ tún dáhùn:

Mo fara mọ́ èyí láìyọ ọ̀kan kúrò. Ìbá wù mí kí a ní ìwọ nínú yàrá ìròyìn wa ní ọdún 2011.

Ayàwòrán Ìgbógbò tún dáhùn:

Ẹ̀yin bàbá àti màmá mi, ẹ̀yin àbúrò mi, mo ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́ọ́yà, mo ti kọ gbólóhùn náà sínú ìwé àdéhùn mi, ọmọṣẹ́ mi sì fọwọ́ sí i lánàá. Mo bi í léèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti bá a sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ náà. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní ẹnì kan pè òun náà, wọ́n fi 50,000 náírà lọ òun, òun kò sì sọ fún mi torí pé ojú ń ti òun pé òun rò ó wò títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo sọ fún un pé èmi náà rò ó wò kí n tó kọ̀, n kò sì sọ ìyẹn fún yín níbẹ̀rẹ̀.

Mo gbé ìwé fọ́tò náà lọ fún màmá ní Ìgbógbò lọ́jọ́ Àìkú. Mo fi iṣẹ́ tí lọ́ọ́yà rán jẹ́ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin lórí fóònù, ó sì ní òun yóò kọ lẹ́tà náà. Wọ́n ti ta tapólì sókè ní ẹ̀yìnkùlé láti orí ògiri dé ìdí igi máńgòrò, ó sì ti mú kí ibẹ̀ ṣókùnkùn ní ọ̀sán gangan. Màmá jókòó sábẹ́ rẹ̀, ó ń ṣí ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ibi àwòrán tí ọmọ náà ti ń sùn lọ́wọ́ rẹ̀, tí ojú òun fúnra rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀ bí kò ṣe ìka ọwọ́ rẹ̀ márààrún lórí aṣọ tí wọ́n fi wé ọmọ náà, ó ní kí n yọ ìyẹn fún òun. Mo yọ ọ́. Ó fi aṣọ nù ún, ó ká a mọ́ etí ìró rẹ̀, ó sì dìde lọ gbé omi kaná.